Igbó wo lẹ ṣán? Òpẹ, ọjà epo àti orúkọ ilẹ̀ ní Pobẹ̀ àti Sakété láti 1899 títí di òní

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé òfin kan jáde, òfin 2023/1115, lórí àwọn ọjà tí pípèsè wọn máa ń pa igbó run, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru. Oríṣi ọjà méje ló dárúkọ: màlúù, kòkó, kọfí, epo òpẹ, rọ́bà, ẹ̀wà sójà àti igi. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀kan nínú wọn wọ Yúróòpù, tàbí ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe, gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ilẹ̀ tó ti wá kì í ṣe igbó tí wọ́n sọ di oko lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ó tún gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ibi tí oko náà wà gan-an, kí ẹni tó jókòó sí Brussels lè fi àwòrán sátẹ́láìtì yẹ̀ ẹ́ wò. Òpin ọdún 2024 ló yẹ kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ igi, n kò sì kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ilẹ̀ ní Ahoyéyé, ìyẹn ní àgbègbè Pobẹ̀ àti Sakété, ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé lórí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú mi dúró nínú òfin yìí: forêt. Ẹni tó bá máa ṣàlàyé òfin náà fún àgbẹ̀ ní èdè wa, igbó ni ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Bí wọ́n bá sì bi àgbẹ̀ léèrè bóyá ó ti sọ igbó kankan di oko láti ọdún 2020, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ṣán igbó kan lọ́dún tó kọjá, òun sì máa ṣán òmíràn lọ́dún yìí bí ara bá le. Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yìí kan náà lè lé ọjà rẹ̀ kúrò ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ kò sì gé igbó kankan lulẹ̀ ní ọ̀nà tí òfin náà gbà lò ó.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó ń wá epo òpẹ ti ń fún ilẹ̀ Pobẹ̀ àti Sakété ní orúkọ nínú ìwé, tí orúkọ náà sì ń pinnu ẹni tí ilẹ̀ yóò kù sí lọ́wọ́. Igbó fúnra rẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló gbà lọ.

(Ọ̀rọ̀ kékeré nípa àkọtọ́: ti Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo lò, torí pé òun ni òǹkàwé ìhà méjèèjì ààlà lè kà láìfarapa. Àwọn tó mọ álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ pé kp ni à bá kọ síbi tí mo kọ p sí.)

Ohun tí igbó jẹ́, ohun tí forêt jẹ́

Lẹ́nu àgbẹ̀ Pobẹ̀, igbó kì í ṣe orúkọ irú igi kan tàbí iye igi. Orúkọ ipò tí ilẹ̀ wà ni: ewéko ti bò ó, àdá àti ọkọ́ kò sí níbẹ̀ lọ́wọ́ yìí. Oko tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ti di igbó. Ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kò ro ti di igbó. A tilẹ̀ máa ń bá ọmọ wí pé ó jẹ́ kí irun orí òun di igbó. Ohun tó dojú kọ igbó nínú èdè wa ni oko àti ilé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń yí sínú ara wọn: igbó á di oko, oko á padà di igbó, ahoro ilé náà á di igbó. Kò sí ìbànújẹ́ kankan nínú gbólóhùn náà pé mo ṣán igbó. Iṣẹ́ oṣù Kejì àti Kẹta ni.

Bí ó bá jẹ́ ibi tí igi ńlá ti pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí rí, ẹgàn là ń pè é, tàbí kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn ti igbó lẹ́yìn, ká ní igbó dúdú, igbó kìjikìji. Ibi tí koríko ti borí igi ni ọ̀dàn. Igbó Orò àti igbó òrìṣà sì wà lọ́tọ̀: níbẹ̀, ohun tí igbó ń sọ kò ju pé ẹni tí kò yẹ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lọ. Igi mẹ́wàá lè tó o.

Ọ̀rọ̀ Faransé náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti inú Látìn tí àwọn ọba ilẹ̀ Franki ń lò ló ti wá, forestis, nígbà tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀ tí ọba yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, tí ará ìlú kò gbọdọ̀ dẹ ọdẹ tàbí gé igi níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ òfin ni kó tó di ọ̀rọ̀ igi. Àwa tí a fi Faransé kàwé láti kékeré kò gbọ́ èyí nílé-ẹ̀kọ́. Lójú wa, forêt ni ibi tí ìkookò inú ìtàn ń gbé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, òórùn ọba kò kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Ìgbàkígbà tí òfin bá pe ibì kan ní forêt, ó ń dáhùn ìbéèrè ta ló ni ín. Igbó kò bá ìbéèrè yẹn ṣe. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ yìí?

Owó orí, ojú irin àti òpẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn

Nígbà tí òwò ẹrú ń kú lọ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo òpẹ ló gba ipò rẹ̀ ní etíkun wa. Marseille ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Nígbà tó yá, èkùrọ́ náà di ọjà, torí àdín tí wọ́n ń fún lára rẹ̀. Epo ilẹ̀ àwọn Nàgó ń lọ sí Àjàṣẹ́, ó sì tún ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà tó fi Pobẹ̀ àti Sakété sí ọwọ́ Faransé. Bí Faransé ṣe máa jẹ́ kí epo yìí sọ̀ kalẹ̀ sí Àjàṣẹ́, tí kò fi ní sá lọ sí Èkó, ni ọ̀rọ̀ tó kù.

Ohun méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 1899 wọ́n gbé owó orí kalẹ̀ ní Dàhòmì. Owó náà kò ṣe é fi iṣu san títí ayé. Èkùrọ́ àti epo ló ń mú owó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ojú irin dé: láti Àjàṣẹ́ dé Sakété ní 1907, láti Sakété dé Pobẹ̀ ní 1913. Bí ẹnìkan bá bi mí pé ìlànà ìpèsè oúnjẹ wo ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan igbó Pobẹ̀, ojú irin yìí ni mo máa tọ́ka sí, kì í ṣe òfin igbó kankan.

Ọ̀nà tí ó gbà fọwọ́ kàn án nìyí. Òpẹ kì í fẹ́ òjìji. Lábẹ́ igi ẹgàn, ọmọ òpẹ kì í rí oòrùn tó, kì í dàgbà dáadáa. Ìgbà tí ènìyàn bá ṣán igbó tó sì sun ún, tó gbin iṣu tàbí àgbàdo, ni òpẹ ń rí ọ̀nà. Àgbẹ̀ á rí ọmọ òpẹ tó hù láti inú ẹyìn tí ẹyẹ tàbí òkété gbé wá, á fi àdá yà fún un. Iṣu á tán, ilẹ̀ á sinmi, òpẹ á máa ga lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n á padà wá dáko sí abẹ́ rẹ̀. Bí àyíká yìí bá ti yí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ó jẹ́ ẹgàn rí á ti di ilẹ̀ òpẹ, tí ìrókò díẹ̀ dúró láàárín rẹ̀. Ibi tí òpẹ bá pọ̀ sí, ènìyàn ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Owó orí kò dá àyíká náà sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú un yára.

Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín, torí pé ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó tàbí ru àgbẹ̀. Ilẹ̀ wa wà nínú àlàfo gbígbẹ tó gé igbó òjò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dahomey Gap. Òjò Pobẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 1,200 lọ lọ́dún, nígbà tí òpẹ ń fẹ́ tó 1,800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Sélé, ní ìhà odò Wẹmẹ, fi hàn pé igbó ti fà sẹ́yìn níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí ọkọ̀ ojú omi Yúróòpù kankan tó dé. James Fairhead àti Melissa Leach, nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1998 lórí igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, jiyàn pé iye igbó tí wọ́n ní a pàdánù láàárín ọ̀rúndún ogún pọ̀ ju bó ti yẹ lọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé àyè kan. Igbó wa ti fọ́n ká tipẹ́. Èyí tí ojú irin bá ló jẹ.

Èyí tó jẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fún ilẹ̀ òpẹ yìí. Wọ́n pè é ní palmeraie naturelle. Ohun tó bá jẹ́ naturelle, kò sẹ́ni tó ṣe é. Àdá tó yà fún ọmọ òpẹ, ìgbà tí wọ́n fi gùn ún, ìdílé tó mọ òpẹ baba wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Àṣẹ ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 1904 ti sọ pé ilẹ̀ tó ṣófo tí kò ní olúwa, ti ìjọba ni. Ní 1935 àṣẹ méjì tẹ̀ lé e: ti ọjọ́ 4 oṣù Keje lórí igbó, àti ti ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, tó sọ pé ilẹ̀ tí kò ní ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìjọba ló ni ín. Ọdún mẹ́wàá! Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ dìídì fi sílẹ̀ kó sinmi, kí òpẹ rẹ̀ lè gbó, ni òfin ń kà sí ilẹ̀ aláìlólúwa. Àgbẹ̀ ní ó ti di igbó, ó túmọ̀ sí pé ó ń sinmi, mo ń bọ̀ wá. Akọ̀wé gbọ́ igbó, ó kọ terre vacante. Ó di 1955 kí àṣẹ mìíràn tó gba ẹ̀tọ́ àṣà lórí ilẹ̀ gbọ́.

Ibùdó ìwádìí àti ẹgàn inú ọgbà

Ní 1922 Faransé dá ibùdó ìwádìí òpẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ó bọ́ sí ọwọ́ àjọ IRHO ti Paris, lónìí ó jẹ́ ti INRAB, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Láti 1946 ni ibùdó yìí, ti La Mé ní Côte d'Ivoire, ti Sibiti ní Kóńgò àti ti Yangambi ní Kóńgò àwọn Bẹ́ljíọ̀mù, pẹ̀lú òpẹ Deli láti Éṣíà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ irúgbìn láàárín ara wọn. Àwọn Bẹ́ljíọ̀mù ti fi hàn ní 1941 pé òpẹ tó lẹ́ran púpọ̀ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ jẹ́ àmúlùmálà oríṣi méjì, èyí tó ní èèpo nípọn àti èyí tí kò ní èèpo rárá. Láti ìgbà náà ni irúgbìn ti ń jáde láti Pobẹ̀ lọ sí oko ńláńlá. Ìlú tí òjò rẹ̀ kò tó fún òpẹ di ibi tí òpẹ ti ń kọ́ bí yóò ṣe fara da ọ̀gbẹlẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgàn kékeré tó ṣẹ́kù ní gúúsù ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀ wà ní Pobẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó òpẹ gan-an, àwọn onímọ̀ ewéko sì ń lọ kọ orúkọ igi níbẹ̀ títí di òní. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí igi tó gba ipò ẹgàn ló pa ẹgàn mọ́, torí pé ilẹ̀ wọn ní ààlà, ẹlòmíràn kò sì lè dáko wọ̀ ọ́. Mi ò mọ bí a ṣe máa sọ èyí fún ẹni tó gbà pé òpẹ àti igbó kò lè gbé pọ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Dàhòmì tuntun gba ọ̀rọ̀ àwọn Faransé mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òfin 61-26 ti ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1961 fún ìjọba lágbára láti fa ìlà yí ilẹ̀ kan ká, kó sì sọ ọ́ di agbègbè àtúnṣe. Àwọn onílẹ̀ inú ìlà gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ẹni tó mú ilẹ̀ wá ní ìpín tirẹ̀, ẹni tó mú agbára wá ní tirẹ̀. Àjọ SONADER ló ń darí rẹ̀. Wọ́n gbin òpẹ àṣàyàn láti Pobẹ̀ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ní Hinvi, ní Agonvy àti láwọn ibòmíràn. Láti ṣe èyí, òpẹ àtijọ́ àti igbó ìsinmi abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Ìdí tí ìjọba fi lè ṣe é láìka ohun tí wọ́n gé kúrò sí nǹkan kan ni pé naturelle ṣì wà nínú ìwé.

Ó kù sí ọ̀nà kan tí gbogbo ètò náà kò lè dí. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ ìfúnpo ńlá, bíi ti Avrankou nítòsí Àjàṣẹ́ àti ti Ahozon nítòsí Wídà. Ebi ẹyìn pa wọ́n. Àwọn ìyá tó ń fún epo lábúlé ń san owó tó sàn jù fún ẹyìn, epo wọn sì dùn ú sebẹ̀ lójú ẹni tó ń rà á ju ti ẹ̀rọ lọ. Mo rò pé èyí ni apá ìtàn tí a kì í kọ́ dáadáa. A máa ń sọ̀rọ̀ ìlànà bí ẹni pé ọjà kan ṣoṣo ló wà. Ìlànà ìjọba ń fa epo lọ sí etíkun. Obìnrin ń fà á lọ sí ìkòkò ọbẹ̀ àti sí ọjà Èkó, ìkòkò ọbẹ̀ ló sì borí.

Ọ̀họ̀rí nínú ẹrẹ̀

Àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò wa ní àríwá Pobẹ̀, fi apá mìíràn hàn. Ilẹ̀ wọn wà nínú kòtò amọ̀ dúdú tí omi máa ń bò lásìkò òjò, tí ẹlẹ́ṣin kò lè kọjá. Ẹrẹ̀ yìí ni odi wọn nígbà tí wọ́n dìde sí Faransé láti 1914 sí 1916 nítorí owó orí, iṣẹ́ ipá àti gbígba ọmọ wọn sí ogun, A. I. Asiwaju kọ ọ́ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1976. Kòtò yìí gùn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Lama ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, èyí tí í ṣe ẹrẹ̀ ní èdè Pọtogí. Kò ni àwọn Fọ̀n ń pè é, amọ̀ náà ni.

Ní 1946 ìjọba ya igbó Lama sọ́tọ̀, ó lé ní 16,000 hẹ́kítà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Ọ̀họ̀rí tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáko nínú amọ̀ dúdú ṣí lọ síbẹ̀, wọ́n sì gbin àgbàdo. Lójú ìwé, wọ́n wọ forêt ìjọba. Lójú ara wọn, wọ́n rí igbó tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí baba wọn ṣe rí i rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú owó Jámánì, wọ́n kó wọn kúrò ní àárín igbó náà, wọ́n pa àárín náà mọ́, wọ́n sì gbin igi tíìkì yí i ká. Ẹgàn tó ṣẹ́kù ní Lama kò kéré, mi ò sì ní sọ pé kò yẹ kí wọ́n pa á mọ́. Àmọ́ oko tíìkì ńlá tó yí i ká, forêt ni òun náà ń jẹ́ nínú ìwé. Oko àgbàdo ló ba igbó jẹ́, oko tíìkì kò bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ló pín wọn.

Ìbéèrè tí wọ́n máa bi àgbẹ̀

Lónìí, ọkọ̀ ojú irin kò dé Pobẹ̀ mọ́. Epo pupa Pobẹ̀ àti Sakété kì í lọ sí Marseille. Nílé ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ìyókù ń kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà, tí epo tirẹ̀ kò tó o jẹ. Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gba epo Éṣíà wọlé ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ Nàìjíríà. Nítorí náà òfin Yúróòpù kò kan epo àwọn ìyá wa ní báyìí. Ohun tó ń gbọn ilẹ̀ Pobẹ̀ lónìí ni ọjà Èkó, àgbàdo, gàrí, igi ìdáná, àti ọmọ ènìyàn tó pọ̀ sí i tí ìsinmi ilẹ̀ fi kúrú. Òfin Brussels kò lè rí ìkankan nínú wọn. Èyí ni àléébù ńlá irú òfin bẹ́ẹ̀: ibi tí ọjà rẹ̀ dé ni agbára rẹ̀ dé.

Sójà ni ọ̀nà tó lè gbà wọlé. Ní apá Kétu, nínú ẹkùn Plateau kan náà pẹ̀lú Pobẹ̀ àti Sakété, sójà ti di ohun ọ̀gbìn owó. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó sójà tútù jáde, kí àwọn ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé lè lọ̀ ọ́ nílé. Èyí tí wọ́n bá lọ̀ tó sì forí lé Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi oko rẹ̀ hàn. Ẹnìkan á wá bi àgbẹ̀ léèrè.

Òfin náà ní forêt ni ilẹ̀ tó ju ìdajì hẹ́kítà lọ, tí igi rẹ̀ ga ju mítà 5 lọ, tí òjìji rẹ̀ bo ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àyàfi bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbapò níbẹ̀. Ó tún sọ pé ilẹ̀ oko tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Lórí ìwé, àwọn tó kọ ọ́ ti rántí ohun tí àṣẹ 1935 gbàgbé. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ ìsinmi. Ilẹ̀ tó ti sinmi ọdún mẹ́jọ, tí òpẹ àti igi ti ga lórí rẹ̀, àwọ̀ ewé kan náà ló ní pẹ̀lú igbó. Ẹnu àgbẹ̀ nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì sọ pé igbó ni.

Ní ìdà kejì, ẹ wo igbó Orò. Ìṣirò kan ní àwọn ọdún 1990 ka igbó mímọ́ 2,940 ní Bẹ̀nẹ̀, tí gbogbo wọn kò ju 18,360 hẹ́kítà lọ; ní 2012 ìjọba ṣe àṣẹ láti dá wọn mọ̀ àti láti dáàbò bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré gidigidi. Èyí tí kò tó ìdajì hẹ́kítà, òfin Yúróòpù kò kà á sí forêt rárá. Ibi tí gbogbo Sakété gbà pé a kò gbọdọ̀ fi àdá kàn kì í ṣe igbó níwájú òfin. Oko tí gbogbo ènìyàn mọ olúwa rẹ̀ lè jẹ́ igbó.

Àwọn kan ti dábàá fún mi pé kí a fi ẹgàn túmọ̀ forêt. Ó dára ju igbó lọ, ṣùgbọ́n ó há jù: ẹgàn kò gba igbó tó ti jẹ́ oko nígbà ayé baba baba wa tó sì ti padà di igi ńlá, èyí tí òfin kà sí forêt. Bí a bá lo igbó, gbogbo àgbẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí a bá lo ẹgàn, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Mi ò rò pé a nílò ọ̀rọ̀-orúkọ kankan. Ìtàn ilẹ̀ ló yẹ ká béèrè: ta ló dáko síbí gbẹ̀yìn, kí ló gbìn, ìgbà wo ló fi í sílẹ̀? Àwọn àgbàlagbà wa máa ń dáhùn irú ìbéèrè yìí láìṣiyèméjì, wọn kì í sì í fi ọdún kà á, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á.

Níbẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ wà fún wa. Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019. Ó ṣí ti Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ọjọ́ tí Yúróòpù yàn. Ẹni tó ń ta ọjà gba Sẹ̀mẹ̀ tó bá ní òun ṣán ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó ṣí ààlà, ọkàn wa lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà Ìdìrókò, tó sún mọ́ ará Sakété jù, oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Gbólóhùn kan náà lè mú ẹni yìí kúrò nínú ẹ̀bi, kó sì ti ẹnì kejì bọ inú rẹ̀, bí ẹni tó ń kọ̀wé kò bá tún béèrè pé: ààlà wo?